Bẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe update ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà yín lójú oorun (BIOS, UEFI, GRUB), ẹ ka èyí kẹ́ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Èmi fúnra mi ti fi update pa láptọ́ọ̀pù kọ́sítọ́mà rí. Màmá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Odògùnyàn ló gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, ní Ìkòròdú wa níbí, gbogbo gbèsè tí àwọn bíríkìlà jẹ ẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ó ní "Bọ̀ọ̀dá kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi wò ó, ó ti ń lọ́ra jù." Mo tan án, mo rí i pé BIOS ẹ̀, program tó kọ́kọ́ ń jí bẹ́ẹ bá tan ẹ̀rọ, ti gbó, mo ní áà, èyí ò le, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣájà ló gbé e dúró, jẹ́nẹ́ ló gbé ṣájà dúró, mi ò sì yọjú wo epo inú jẹ́nẹ́. Ó dé àárín, jẹ́nẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. A tẹ bọ́tìnnì títí, ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e dé Computer Village n'Íkẹjà, ẹnì kan níbẹ̀ ló tú chip BIOS jáde tó fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní CH341A kọ ọ́ padà, owó àpò mi sì ni mo fi san án, mi ò ní lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá onímàmá.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Àwọn èèyàn ń bi mí léraléra pé ṣé kí àwọn ṣe update GRUB (program tó ń gbé Linux sókè), ṣé kí àwọn ṣe ti BIOS, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́. Ẹ ṣe é. Àmọ́ ó ní bó ṣe tẹ̀lé ara, bẹ́ẹ bá sì fi ẹ̀yìn ṣíwájú, ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn kankan lẹ máa sọ di òkúta.

Kí ló tiẹ̀ ń jí kọ̀ǹpútà?

Ẹ fojú gáréèjì wò ó. Bẹ́ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, Windows tàbí Ubuntu ṣì ń sùn. UEFI ló kọ́kọ́ jí, òun lọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní BIOS, inú chip kan lórí bọ́ọ̀dù ló ń gbé, òun lọ̀gá gáréèjì. Tí Secure Boot bá wà ní títàn, ọ̀gá ò ní jẹ́ kí mọ́tò kankan wọlé láìní ìwé tí wọ́n buwọ́ lù, Microsoft ló sì ń buwọ́ lu èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé yẹn, àní títí kan ti Linux. Lórí Linux, program kékeré kan tí wọ́n ń pè ní shim ló ń gbé ìwé yẹn dání, shim á wá yẹ GRUB wò, GRUB ló máa bi yín pé Ubuntu ni àbí Windows, bí àwọn ọmọ gáréèjì tó ń pariwo "Mile 12! Kẹ́tu! Òjọ́ta!", ẹ̀yin yan èyí tẹ́ẹ fẹ́, òun á wá gbé kernel, ìyẹn ọkàn Linux, sókè. Lórí Windows, Windows Boot Manager nìkan ló ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ tán kí antivirus yín tó la ojú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀, ó ti gba ilé nìyẹn, nígbà tí antivirus bá fi máa dé, olè ti jókòó sórí àga, á tún máa bá wọn ṣí ilẹ̀kùn.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Disẹ́ńbà 2015, wọ́n rí i pé bí GRUB bá ní password, ẹni tó bá tẹ Backspace lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n, ẹ kà á dáadáa, 28, níbi tó ti ń bèèrè orúkọ, GRUB á ṣílẹ̀kùn fún un. Ní July 29, 2020, àwọn Eclypsium, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀ BootHole síta: bí GRUB ṣe ń ka fáìlì grub.cfg ní àlébù, ẹni tó bá ti rọ́nà yí fáìlì yẹn padà lè fi ti ẹ̀ ṣáájú kernel, Secure Boot ò sì ní mọ nǹkan kan. Ní March 2023, ESET, àwọn tó ń ṣe antivirus, ṣàlàyé BlackLotus, kòkòrò kan tó ń wọlé sára Windows 11 tí Secure Boot ẹ̀ wà ní títàn. Shim náà ní àlébù tiẹ̀, CVE-2023-40547 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, shim 15.8 ni wọ́n fi tún un ṣe. UEFI fúnra ẹ̀ ò yọ sílẹ̀, ní ìparí 2023 làwọn Binarly, ilé iṣẹ́ ààbò míì, fi hàn pé lógò tí ẹ̀rọ máa ń gbé sójú nígbà tó bá ń tan, àwòrán lásán o, wọ́n lè gba ibẹ̀ wọlé, LogoFAIL ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an, torí ibí yìí lọ̀pọ̀ ò yé. Bí wọ́n bá tún GRUB ṣe lónìí, èyí tó ní àlébù lánàá ṣì ní ìwé tí wọ́n buwọ́ lù lọ́wọ́. Olè ò nílò láti já tuntun, á kàn gbé ògbólógbòó wá, ọ̀gá gáréèjì á wo ìwé ẹ̀, á ní ó dáa, wọlé. Torí náà wọ́n ní ìwé míì nínú UEFI, dbx lórúkọ ẹ̀, orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ ló wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé dbx kéré, bíi 32KB lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, BootHole nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 10KB níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé SBAT dé: dípò kí wọ́n máa kọ orúkọ olè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún GRUB àti shim ní nọ́ńbà ìran, wọ́n á kàn ní GRUB tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kéré sí báyìí, kó padà sẹ́yìn.

Ṣé ẹ ti rí i? Tí ìwé àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé bá dé kí GRUB àti shim tuntun tó dé, GRUB tiyín fúnra yín ni wọ́n máa lé ní géètì. Kọ́kọ́ gbé tuntun wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ògbólógbòó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tó kù orí ẹ̀ ló dá lé.

Ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Ẹ wo ibi tó kọ BIOS Mode, tó bá jẹ́ UEFI ó dáa, tó bá jẹ́ Legacy, ọ̀rọ̀ Secure Boot ò kàn yín. Nísàlẹ̀ díẹ̀ ni Secure Boot State wà, On ni àbí Off. Lórí Linux, ẹ ṣí Terminal, ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ:

[ -d /sys/firmware/efi ] && echo UEFI || echo BIOS
mokutil --sb-state
lsblk

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì níbí, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ wa ń lò, ilé iṣẹ́ kan l'Ámẹ́ríkà tàbí ní Jámánì ló sì ti lò ó gbó kó tó wọkọ̀ wá. Òmíràn ṣì ní password tí wọ́n ti fi sí BIOS ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F2 tàbí F10 tàbí Delete (ó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ), tó bá bèèrè password tẹ́ẹ ò mọ̀, ẹ dúró níbẹ̀ ná, torí pé tí nǹkan bá yíwọ́ lọ́nà, ẹ ò ní ríbi wọlé tún un ṣe. Kódà ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ẹ tó sanwó. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣòwò kì í fẹ́, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé NEPA, ẹ má gbára lé jẹ́nẹ́ nìkan. Bátìrì yín gbọ́dọ̀ dára, kó lé ní ìdajì, kí ṣájà sì wà lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa kọ̀ láti ṣe update BIOS tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ jù, tó bá kọ̀ ẹ má wá ọgbọ́n tẹ́ẹ máa fi tàn án jẹ, ìyà tó jẹ mí nìyẹn. Tó bá jẹ́ désktọ́ọ̀pù, ẹ wá UPS tàbí ínfátà tó dúró dáadáa. Ti dátà ò le tó bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń gba fáìlì sílẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ipò, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín gbígbà, ẹ kàn tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìkẹta, kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa. Ibí yìí lẹkún pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni BitLocker tàbí Device Encryption wà lórí ẹ̀rọ wọn tí wọn ò mọ̀, nígbà tí wọ́n fi Microsoft account wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti tan ara ẹ̀. Bẹ́ẹ bá yí nǹkan padà nínú UEFI, Windows á fura pé ẹlòmíì ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á ní kẹ́ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, nọ́ńbà 48 tó tò tẹ̀léra. Bẹ́ẹ ò bá ní i, fáìlì yín ti lọ nìyẹn, èmi ò lè ṣí i, ẹni tó sọ fún yín pé òun lè ṣí i, owó yín ló ń wá. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ yan Run as administrator, kẹ́ẹ kọ:

manage-bde -status
manage-bde -protectors -get C:

Bó bá sọ pé Protection On, èkejì á gbé nọ́ńbà 48 yẹn síta. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ìwé gidi, bírò gidi. Ẹ má kọ ọ́ sínú Notepad lórí ẹ̀rọ kan náà, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó ti kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́nú ilé. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ tí oníṣòwò bá a fi account oníṣòwò wọlé, ẹ kíyè sí i, account oníṣòwò yẹn ni kọ́kọ́rọ́ yín wà. Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ dá BitLocker dúró fúngbà díẹ̀:

manage-bde -protectors -disable C: -rc 2

2 yẹn túmọ̀ sí pé tó bá ti restart lẹ́ẹ̀mejì, á padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Ìkẹrin, fáìlì yín àti fláàṣì ìgbàlà. Fáìlì, ẹ kó wọn sórí dísìkì míì, mi ò ní sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Ti fláàṣì ni mo fẹ́ẹ́ sọ. Ẹ wá fláàṣì 8GB ó kéré tán, ẹ lo kọ̀ǹpútà míì láti gba ISO Ubuntu (fáìlì kan tí gbogbo Ubuntu wà nínú ẹ̀) tàbí ti Linux tẹ́ẹ ń lò sílẹ̀, ẹ fi program Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì. ISO gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun! Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí fláàṣì kan náà ti wà lára kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn látọdún 2019, wọ́n ń fi yangàn. Shim tó wà nínú ISO àtijọ́ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n ń lé ní géètì, lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá nílò ẹ̀ jù ni ẹ̀rọ máa kọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi fláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí i pé ó wọlé, ẹ pa á, kẹ́ẹ wá padà.

Ìkarùn-ún, Linux gan-an. Tẹ́ẹ bá ní Linux àti Windows lórí ẹ̀rọ kan, ti Linux lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, mo máa sọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Ẹ wo àyè ná:

df -h /boot /boot/efi

Tí /boot bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kernel àtijọ́ ló kún ibẹ̀, ẹ gbá wọn dànù pẹ̀lú sudo apt autoremove --purge. Tí àyè bá tán láàárín update, ìdajì fáìlì ló máa wọlé, ìdajì á wà níta. Ó yá:

sudo apt update
apt list --upgradable
sudo apt full-upgrade

Nínú ohun tó bá kọ jáde, ẹ máa wá orúkọ tó ní grub tàbí shim nínú, bíi shim-signed àti grub-efi-amd64-signed. Àwọn tó ń lo Fedora, sudo dnf upgrade ni tiyín, shim-x64 àti grub2-efi-x64 lẹ máa rí.

Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kọ BIOS lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ojú aláwọ̀ búlúù kan lè yọ sí yín tó máa bèèrè ibi tí kó fi GRUB sí. Dísìkì lódindi lẹ máa fi spacebar yan, /dev/sda ni wí, ẹ má yan /dev/sda1. Ẹ má sì tẹ Enter kọjá láì yan nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn ní July 2020 nìyẹn, nígbà tí àtúnṣe BootHole jáde: GRUB tuntun wọ inú fọ́lídà, ti àtijọ́ ṣì jókòó síwájú dísìkì, àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, ẹ̀rọ bá kọ symbol 'grub_calloc' not found, ó ju èèyàn sínú grub rescue. Bẹ́ẹ bá ti ṣì í yàn tẹ́ẹ ò tíì restart, orí yín bá yín ṣe é, ẹ kàn lọ tún un yàn:

sudo dpkg-reconfigure grub-pc

Lẹ́yìn náà ẹ restart. Tó bá wọlé dáadáa, ẹ kọjá síwájú. Tí kò bá wọlé, ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ òkú ẹ̀rọ.

Ìkẹfà, UEFI àti dbx. Ẹ rántí, GRUB àti shim tuntun ti wọlé, ẹ ti restart, ẹ ti rí i pé ó tan. Ìgbà yìí ló tó yẹ kẹ́ẹ ti ilẹ̀kùn. Lórí Linux, fwupd ló ń ṣe é:

fwupdmgr refresh
fwupdmgr get-updates
fwupdmgr update

Á kọ update UEFI tí ẹ̀rọ yín bá wà lára èyí tó mọ̀ (ọ̀pọ̀ Dell, Lenovo àti HP wà níbẹ̀), á sì kọ èyí tó ní dbx lórúkọ lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa fwupd ni pé kó tó fi dbx sí ipò, á kọ́kọ́ wo inú /boot/efi yín bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí dbx tuntun máa lé, tó bá rí i, á dúró, á sì sọ fún yín. Tó bá dúró, ẹ má fi agídí ti í kọjá, ẹ padà sí ìkarùn-ún.

Nígbà tí UEFI bá ń ṣe update, ojú ẹ̀rọ lè dúdú, fáànù lè máa hó, ó lè pa ara ẹ̀ tó tún tan lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára bọ́tìnnì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ò ní sùúrù rárá, nígbàkúùgbà tá a bá ń ṣe èyí, mo máa ń rán an lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, kó tó fi máa padà dé, ó ti parí.

Tó bá jẹ́ Windows nìkan lẹ ní, sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín lẹ ti máa gba BIOS, kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ síbẹ̀ pérépéré. "Ó jọ ọ́" ò wúlò níbí. Ẹ má gbà á látọ̀dọ̀ ẹni tó ju líǹkì sílẹ̀ lábẹ́ fídíò.

Ìkeje, Windows. Settings, Windows Update, ẹ gba gbogbo ẹ̀, ẹ restart bó ṣe ní kẹ́ẹ ṣe. Windows 10, October 14, 2025 ni Microsoft dá update ọ̀fẹ́ ẹ̀ dúró, àfi ẹni tó bá wọ ètò àfikún tí wọ́n ń pè ní ESU, ẹni tó bá ṣì wà níbẹ̀ láìní ESU, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lásán lẹ fi ṣe Secure Boot yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò tíì tàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Sàtífíkéètì tí Microsoft fi ń buwọ́ lu gbogbo ìwé yẹn, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Méjì nínú wọn, títí kan èyí tó buwọ́ lu shim, June 2026 lọjọ́ ẹ̀ pé, ti Windows Boot Manager jẹ́ October 2026. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ẹ̀rọ yín máa kú lọ́jọ́ yẹn, á ṣì máa tan. Àmọ́ ẹ̀rọ tí kò bá ní sàtífíkéètì tuntun ti ọdún 2023, àtúnṣe tuntun fún ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà ò ní lè wọ ọ́ mọ́. Kẹ́ẹ mọ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣí PowerShell bí administrator:

[System.Text.Encoding]::ASCII.GetString((Get-SecureBootUEFI db).bytes) -match 'Windows UEFI CA 2023'

Bó bá kọ True, ó ti dé. Bó bá kọ False, Windows Update ló máa gbé e wá, nígbà míì ó di dandan kẹ́ẹ ti ṣe update BIOS kó tó lè wọlé, ìyẹn ni mo ṣe fi BIOS ṣáájú.

Àwọn tó ní Windows àti Linux lórí ẹ̀rọ kan

Ní August 13, 2024, Windows gbé SBAT tuntun jáde láti ti ilẹ̀kùn mọ́ GRUB àtijọ́. Wọ́n ní kò ní kan ẹ̀rọ tó bá ní Linux lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Ó kàn wọ́n. Àwọn èèyàn kárí ayé tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n yan Linux, wọ́n rí i:

Verifying shim SBAT data failed: Security Policy Violation
Something has gone seriously wrong: SBAT self-check failed

Ẹ̀rọ á sì pa ara ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ ṣe Linux ṣáájú Windows nìyẹn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má format nǹkan kan, kò sóhun tó ṣe fáìlì yín. Ẹ wọ BIOS, ẹ pa Secure Boot (kọ́kọ́rọ́ BitLocker yẹn ti wà lọ́wọ́, àbí?), ẹ tan Linux, ẹ kọ:

sudo mokutil --set-sbat-policy delete

Ẹ restart, ẹ padà wọ Linux lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè gbà á, ẹ ṣe gbogbo ìkarùn-ún kó lè gba shim àti GRUB tuntun, kẹ́ẹ wá padà lọ tan Secure Boot.

Ẹ padà lọ tàn án o. Mo mọ àwa oníṣẹ́ yìí, a máa pa Secure Boot fún kọ́sítọ́mà, a máa gbowó, a ò ní tàn án padà, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́dún mélòó kan. Ó rọrùn ni. Àwọn tó ń lo Windows tí wọn ò sanwó ẹ̀ náà, àwọn program kan tí wọ́n fi ń jí i lò máa ní kẹ́ẹ kọ́kọ́ pa Secure Boot ná, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tó fi fẹ́ kí géètì ṣí sílẹ̀.

Kẹ́ẹ mọ̀ pé ó ti ṣe

mokutil --sb-state
dpkg -l | grep -E 'shim|grub'
mokutil --list-sbat-revocations

Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé enabled. Ẹnì kejì á fi nọ́ńbà hàn yín, lára shim-signed ẹ máa wá 15.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta, nọ́ńbà ìran tí ẹ̀rọ yín ń gbà wọlé báyìí ni. Lórí Windows, ẹ padà sí msinfo32, kẹ́ẹ sì tún kọ manage-bde -status kẹ́ẹ rí i pé BitLocker ti padà sí On. Tó bá ṣì wà ní Off, manage-bde -protectors -enable C: á tàn án.

Tó bá wá kú mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ mú fláàṣì ìgbàlà yẹn wá, ẹ tan ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ̀, ẹ yan Try Ubuntu. Ẹ kọ lsblk -f, ẹ wá èyí tó jẹ́ ext4 (ibi tí Linux wà) àti vfat kékeré (EFI). Lórí àpẹẹrẹ tèmi, sda2 ni ext4, sda1 ni EFI, tiyín lè yàtọ̀ o, ẹ̀rọ tuntun á kọ nvme0n1p2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi tiyín rọ́pò:

sudo mount /dev/sda2 /mnt
sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for i in dev dev/pts proc sys run; do sudo mount --bind /$i /mnt/$i; done
sudo chroot /mnt
apt install --reinstall shim-signed grub-efi-amd64-signed
grub-install
update-grub
exit

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ fo ìlà EFI àti ìlà apt yẹn, kẹ́ẹ sì kọ grub-install /dev/sda dípò. Ẹ yọ fláàṣì, ẹ restart. Nínú mẹ́wàá tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ jù ló máa ń dìde níbí. Èyí tí kò bá tan iná rárá, tí lógò gan-an ò yọ, BIOS ló kú, chroot kankan ò lè jí i, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní irú ẹ̀rọ CH341A yẹn, ẹ sì béèrè iye tó máa gbà kẹ́ẹ tó jẹ́ kó tú u.

Màmá onísìmẹ́ǹtì yẹn ṣì jẹ́ kọ́sítọ́mà mi. Nígbà tí mo ní kó gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá ká lè ṣe ti sàtífíkéètì 2023, ó ti ra bátìrì tuntun sí i kó tó dé. Ó gbé e lé orí káńtà, ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti jẹ́nẹ́, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí a máa fi parí.